Bí A Ṣe Ń Dá Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Dúró Kí A Tó Ṣe Ẹ̀dà Ìpamọ́

Bí ẹ bá ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ì báà jẹ́ ti ilé ìwé ní Kétu tàbí ti oníṣòwò ní Àjàṣẹ́, ẹ má ṣẹ̀dà rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Fáìlì tí wọ́n ṣì ń kọ nǹkan sí yóò wọnú ẹ̀dà láìpé, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Linux ni mò ń sọ.

Cron, ètò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a fún un, ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró: `sudo systemctl stop cron`. Ẹni tó bá fi èyí sílẹ̀ á dá gbogbo iṣẹ́ dúró tán, cron á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lóru. Ẹ fi `ps aux` wo ohun tó ń lọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà àwọn iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ dá dúró, èyí tó wà lábẹ́ PID, sínú ìwé. Bírò àti ìwé ni mo sọ o, kì í ṣe fáìlì lórí kọ̀ǹpútà kan náà.

Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 2417, ẹ tẹ `kill -STOP 2417`. Orúkọ àṣẹ yẹn ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kò pa nǹkan kan. Ó kàn dì í síbi tó wà ni. Ẹ tún wo `ps aux`: lábẹ́ STAT, ẹ ó rí T.

Dátábéèsì ni wàhálà wà. Mo ti rí àwọn tó fi `kill -STOP` di MariaDB, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì, tí wọ́n sì ń ṣẹ̀dà fólídà rẹ̀ tọkàn-balẹ̀-tọkàn-balẹ̀. Apá kan ohun tó ń kọ ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì, kò tíì dé orí díìsìkì. Dídì kò lè tú u jáde. Àwọn mìíràn á wọnú MariaDB, wọ́n á tẹ `FLUSH TABLES WITH READ LOCK;` láti ti àwọn tábìlì rẹ̀, wọ́n á tẹ `exit`, ó parí. Bí wọ́n ṣe jáde yẹn ni ohun tí wọ́n tì ṣí. Kódà bí ẹ bá jókòó tì í, InnoDB, apá MariaDB tó ń tọ́jú tábìlì, ṣì lè máa kọ nǹkan lábẹ́lẹ̀. Ẹ pa á pátápátá: `sudo systemctl stop mariadb`. Bó bá pẹ́, ẹ ní sùúrù, ẹ má tẹ Ctrl-C. Bí kò bá ṣe é pa, tí gbogbo tábìlì yín sì jẹ́ InnoDB, ẹ lo `mysqldump --single-transaction`, tó ń da ohun inú dátábéèsì sínú fáìlì láìpa á.

Iṣẹ́ tó bá ń kọ nǹkan sí dátábéèsì, ẹ má dì í rárá. Ẹ jẹ́ kó parí kí ẹ tó pa dátábéèsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jí, yóò wá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tì.

Ó kù `sync`, tó ń da ohun tó kù nínú mẹ́mọ́rì sórí díìsìkì, lẹ́yìn náà `rsync -a`, tó ń ṣe ẹ̀dà náà sórí díìsìkì mìíràn. Díìsìkì tí a yọ nínú láptọ́ọ̀pù tó ti kú, tí ẹ bá ra àpótí kékeré fún un lọ́jà Ouando, tó fún iṣẹ́ yìí. Clé USB kò wù mí: èyí tí wọ́n bá fi ìlànà FAT32 tò kì í gba fáìlì tó tó 4 GB.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ kọ́kọ́ jí dátábéèsì, kí ẹ tó tẹ `kill -CONT`, tó ń jí ohun tí ẹ dì, fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fagi lé e nínú ìwé. Cron ló kẹ́yìn. Bí T bá ṣì wà lábẹ́ STAT, ẹ ti fo ọ̀kan.