Bí mo ṣe mú òdòdó orí òkè Himalaya hù nínú kúlà ní Ìlọrin

Ẹ bá mi yọ̀ o, ó hù! Ó tó bí oṣù márùn-ún tí mo ti ń bá a fà á, àwọn ará ilé ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú wọn.

Meconopsis ni wọ́n ń pè é, òdòdó pópì aláwọ̀ búlúù. Tíbẹ̀tì, Nepal, Bhutan títí dé Yunnan ní Ṣáínà ló pọ̀ sí, lórí òkè tó ga ju 3,000 mítà lọ, Ìlọrin tiwa sì rèé, bíi 300 mítà péré. Búlúù ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá po búlúù ìfọṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ sómi. Òyìnbó kan, Frank Kingdon-Ward, ló kó kóró irú ẹ̀ kan wá láti Tíbẹ̀tì lọ́dún 1924, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Scotland, torí pé òtútù ibẹ̀ bá a lára mu. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rà á fún mi.

Kóró yẹn kéré bí aáṣáà, mo ń di imú mú kí n má lọ sín kí owó ẹ̀gbọ́n mi fò lọ. Màmá gbọ́ pópì, wọ́n ní ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe oògùn olóró nìyẹn, pé ká má wá kó ọlọ́pàá bá àwọn lọ́jọ́ alẹ́. Mo ní "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ìwà wọn ò papọ̀."

Ìparí October ni mo fi tíṣù tútù wé e, mo fi náílọ́ọ̀nù dì í, mo tì í sínú fíríìjì (kì í ṣe ibi tó ń dì o), kó ṣe bíi pé ó wà lábẹ́ yìnyín. Ìgbà tí iná bá lọ, màá gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ Alhaja tó ń ta áísì ládùúgbò wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún mo da ìdajì ẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ abẹ́ máńgòrò tí mo ti po iyanrìn odò mọ́, mo sì dé e pinpin. Àṣìṣe ńlá. Ó bu funfun, gbogbo ẹ̀ jẹrà.

Ìdajì tó kù, mi ò bò ó rárá, ìmọ́lẹ̀ ló ń fẹ́, mo kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbé ike ẹ̀ sínú abọ́ omi kó máa fà á mu látìsàlẹ̀, mo gbé gbogbo ẹ̀ sínú kúlà Màmá, mo na náílọ́ọ̀nù funfun tó mọ́ gaara sí i lẹ́nu, mo dá ihò sí i, píọ̀ wọ́tà dídì méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ọyẹ́ ló tún gbà mí, torí òru ló nira jù fún wa níbí, òkè lọ́hùn-ún, bí oòrùn bá wọ̀ báyìí òtútù á dé, tiwa ṣì ń gbóná.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, mo rí nǹkan bí òwú tútù. Márùn-ún ló hù. Nígbà tí ewé gidi yọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù bò ó bí etí ọmọ tuntun, àfi bí ẹni wọ súwẹ́tà wá sí Ìlọrin!

Ooru March pa mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò ju wákàtí mẹ́ta lọ tí mo fi lọ sọ́jà Ìpàta. Méjì tó kù, mo di fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń padà sí Jos, ó ní ọ̀kan ti tẹ̀ lọ́nà, èkejì ṣì nàró. Màmá ti gba kúlà wọn, sóbò ló wà nínú ẹ̀ báyìí, Alhaja náà ṣì ń bèèrè owó áísì.