Bí bọ́tìnnì ọ̀tún Tamagotchi ṣe padà ń dáhùn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, ní Tamagotchi ti àtijọ́, ohun ìṣeré kékeré oníbátìrì tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn kan nínú ojú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Japan lọ́dún 1996. Eré inú rẹ̀ kò le: ẹ ó sọ ibi tí ẹran ọ̀sìn náà máa kọjú sí, òsì tàbí ọ̀tún, nígbà 5. Bí ẹ bá gba 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn ìdùnnú kan, àmì tó ń fi hàn bí inú ẹran ọ̀sìn náà ṣe dùn tó, á kún. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí a fi ń yan ọ̀tún kò dáhùn mọ́. Ọmọ náà ń sunkún.

Mo kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì LR44 méjèèjì. Kò yàtọ̀. (Bí bátìrì bá ti jáde, ẹran ọ̀sìn náà lọ nìyẹn, ẹyin tuntun lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.)

Ìgbà tí mo tú gbogbo ara rẹ̀ ni mo rí i: mínírà ti ṣàn wọ abẹ́ rọ́bà bọ́tìnnì, ó ti gbẹ mọ́ ọn. Mo fi òwú tí mo rẹ sínú sípíríìtì díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń nu egbò, nu rọ́bà náà àti ojú bọ́ọ̀dù tó ń kàn, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó dì í padà. Ẹ má fi omi nù ún o.

A tún aago rẹ̀ ṣe, ẹyin pa. Nínú eré àkọ́kọ́, ọmọ náà gba 4.