Bí a ṣe ń wo sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì nínú gbòǹgbò àlùbọ́sà

Bí ẹ bá gbé àlùbọ́sà ka ẹnu ife omi, láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbòǹgbò funfun á yọ nídìí rẹ̀. Mílímítà bíi méjì péré, ní ṣóńṣó gbòǹgbò náà, ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń wá, máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ sì tó láti fi rí wọn níbi tí wọ́n ti ń pín. Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi máíkírósíkóòpù. Gbòǹgbò tó nípọn jù tàbí tí kò rọ̀ tó ló ń fà á: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ohun tí ẹ fẹ́ wò kọjá, kò sì lè gba inú sẹ́ẹ̀lì ogún tó gun ara wọn.

Ẹ wá àlùbọ́sà méjì tàbí mẹ́ta tó le dáadáa, torí àwọn kan wà tí wọ́n ti fi oògùn tàbí ìtànṣán tọ́jú kí wọ́n má baà hù, irú wọn kì í yọ gbòǹgbò. Ẹ fi ọ̀bẹ fá gbòǹgbò gbígbẹ ìdí rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kí ẹ má gé wọ ìdí líle náà, nítorí ibẹ̀ ni tuntun máa gbà yọ. Ẹ gún igi ìtayín mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ gbé e kọ́ ẹnu ife, kí ìdí rẹ̀ ṣáà kan omi. Ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, kó má baà jẹrà. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, gbòǹgbò á ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí mẹ́ta.

Ásíìdì haidrokílóríìkì 1 M (M yìí ni ìwọ̀n bí ásíìdì ṣe le tó nínú omi) lẹ máa fi mú gbòǹgbò náà rọ̀. Olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ lábù ni kó pò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò tó ń dáàbò bo ojú. Bí ásíìdì tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ 37%, ẹ wọn mílílítà 8.3 nínú rẹ̀, ẹ rọra dà á sínú omi mílílítà 80, kí ẹ wá fi omi kún un dé 100. Inú omi ni a ń da ásíìdì sí o. Ẹni tó bá da omi sórí ásíìdì líle, ó lè hó kó sì ta sí i lójú.

Ẹ da díẹ̀ nínú ásíìdì yìí sínú túùbù, kí ẹ gbé túùbù náà sínú omi gbígbóná 60°C, kí ẹ sì fi tẹmómítà ṣọ́ ọ. Ẹ gé gbòǹgbò bíi sẹ̀ǹtímítà kan láti ṣóńṣó wá, kí ẹ fi í sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Pẹ́kítíìnì ló lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn bí àtè, ásíìdì gbígbóná yìí ló sì ń tú u. Bí omi náà bá tutù jù, sẹ́ẹ̀lì kò ní já kúrò lára ara wọn. Bí gbòǹgbò bá sì pẹ́ jù nínú rẹ̀, á fọ́ kí ẹ tó gbé e dé orí dígí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tútù ṣàn án dáadáa. Láti ìgbà yìí lọ, ìdí ibi tí abẹ ti gé ni kí ẹ máa fi ẹ̀mú dì mú, ẹ má fọwọ́ kan ṣóńṣó.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí dígí síláìdì, ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ gé mílímítà méjì ṣóńṣó náà, kí ẹ kó ìyókù dànù. Ó máa ń ṣe àwọn ènìyàn bí ẹni pé ó kéré jù, wọ́n á fi díẹ̀ kún un. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè ibẹ̀ ti ń gùn, kò pín mọ́, ńṣe ló sì máa bo èyí tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ méjì tú ṣóńṣó náà títí tí ẹ kò fi ní rí kókó kankan mọ́. Ẹ kán aró toluidine blue ẹ̀kán kan sí i, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wá fi dígí fẹ́lẹ́ bò ó, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ká tíṣù lé e, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tààrà. Bí dígí bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sẹ́ẹ̀lì á ká jọ, ó di kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbòǹgbò mìíràn.

Lẹ́ǹsì 4 ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà 10, kí ẹ tó bọ́ sí 40, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 400 bí lẹ́ǹsì ojú bá jẹ́ 10. Lórí 40, bọ́tìnì kékeré tó ń mú àwòrán ṣe kedere nìkan ni kí ẹ máa yí, nítorí bọ́tìnì ńlá lè mú lẹ́ǹsì fọ́ dígí. Òbìrípo tó ní etí dúdú, afẹ́fẹ́ ni, ẹ fò ó. Ẹ wá àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó jẹ́ onígun mẹ́rin, tí núkílíọ̀sì (kókó àárín sẹ́ẹ̀lì) tó gba aró kún inú wọn.

Ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní máa pín lásìkò náà. Nínú àwọn tó ń pín, èyí tí kirómósómù rẹ̀ (àwọn okùn inú núkílíọ̀sì tó gbé àbùdá) dà bí òwú tó ṣù jọ lẹ máa rí jù. Àwọn mìíràn ti tò wọ́n sáàárín, àwọn mìíràn ti fà wọ́n lọ sí apá méjì, ìyẹn kì í pẹ́, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n. Ní àwọn kan, ògiri tuntun ti ń hù láàárín ọmọ méjèèjì. Kirómósómù àlùbọ́sà jẹ́ 16. Bí ẹ bá rí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ dáadáa, ẹ lè kà wọ́n.

Ẹ má pe gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń pín wọ̀nyí ní stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ti ń wá, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni. Díẹ̀ ni stem cell gbòǹgbò, wọ́n yí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pín ká, nítòsí orí ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ń rí jẹ́ ọmọ wọn, tó ń pín léraléra kó tó di ara gbòǹgbò. Nínú mùdùnmúdùn eegun ènìyàn náà, bẹ́ẹ̀ ni: stem cell ẹ̀jẹ̀ kì í pín lemọ́lemọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Títẹ̀ tí ẹ tẹ gbòǹgbò ti tú ìtò rẹ̀ ká, ẹ kò sì lè nàka sí stem cell kankan lórí síláìdì yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n wà, gbòǹgbò tí wọ́n là gbọọrọ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ kó wò.

Bí ẹ bá fẹ́ kí síláìdì náà dúró di ọ̀la, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì kun etí dígí fẹ́lẹ́ náà yí ká, kí omi abẹ́ rẹ̀ má baà gbẹ.