Fíìmù ò hàn dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n yín? Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ti ń bàjẹ́

Ẹ bá mi gbé rìmóòtù yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí mo ń rí jù nílé àwọn èèyàn ni pé wọ́n á fi fíìmù sí i, wọ́n á rí dúdú lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á ní tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́ tàbí pé ẹni tó tà á rẹ́ àwọn jẹ, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Zoom. Dúdú yẹn kì í ṣe àìsàn o. Tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ tí gbogbo wa ń lò báyìí, 16:9 ni, ìyẹn ni pé tí ìbú ẹ̀ bá jẹ́ 16, gíga ẹ̀ á jẹ́ 9, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fíìmù ńlá ni wọ́n yà ní 2.39 sí 1, ó fẹ̀ ju ojú tẹlifíṣọ̀n lọ, tí gbogbo ìbú ẹ̀ bá máa wọlé, àyè gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lókè àti nísàlẹ̀ ni. Nínú ilà 1080 tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n Full HD, nǹkan bí 804 ni àwòrán máa gbà, ìyókù á dúdú. Tí ẹ bá wá fi Zoom fẹ̀ ẹ́ kó lè kún, ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán ló lọ yẹn, ọ̀tún àti òsì lẹ ti gé, ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ẹ ò ní rí i mọ́, sọ́btáítù náà lè wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó ya fíìmù yẹn ló mọ ìdí tó fi gbé èèyàn kan sí kọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe yà á.

Àìsàn gidi ni tí ojú èèyàn bá fẹ̀ tàbí tó gùn gbọọrọ. Ẹ wá nǹkan tó rí rìbìtì nínú fíìmù náà, bọ́ọ̀lù, táyà ọkọ̀ tàbí abọ́ oúnjẹ tí kámẹ́rà ń wò tààrà, tí kò bá rí rìbìtì mọ́, ẹnìkan ti fà á. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Aspect, lórí àwọn míì Picture Size tàbí P.Size ni wọ́n kọ sí i, kẹ́ ẹ gbé e sí 16:9 tàbí Original. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá àtijọ́ tó wà lórí VCD, 4:3 ni wọ́n fi yà á, ti àwọn yẹn gan-an, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ló yẹ kó dúdú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn àgbà òṣèré wa tí wọ́n ti fẹ̀ wọ́n lójú torí kí tẹlifíṣọ̀n lè kún, tàbí tí Zoom ti gé gèlè kúrò lórí obìnrin. 4:3 ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ó tán. VCD ò ju 352 lọ́nà 288 lọ, torí náà kò sí bọ́tìnnì tó máa jẹ́ kó mọ́ kedere bí HD, ẹ kàn sún ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀.

Tó bá jẹ́ DVD lẹ fi ń wò ó, ẹ wọ Setup ti DVD náà fúnra ẹ̀, ẹ wá TV Type tàbí TV Display, ẹ máa rí 4:3 LB (tó ń fi dúdú sókè àti sísàlẹ̀), 4:3 PS (tó ń gé ẹ̀gbẹ́) àti 16:9 níbẹ̀. Tó bá wà lórí 4:3 tí tẹlifíṣọ̀n yín sì jẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí bẹ́ ẹ ṣe ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n tó máa dáa, 16:9 ni kẹ́ ẹ mú. Tó bá ti wà lórí 16:9 tí dúdú ṣì yí àwòrán ká láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn DVD àtijọ́ kan ni wọ́n ti lẹ dúdú mọ́ ọn látilẹ̀, ibẹ̀ ni Zoom ti wúlò. Wáyà ńkọ́? Tí DVD yín bá ní ihò HDMI, wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, òun ni kẹ́ ẹ lò, ẹ yọ wáyà aláwọ̀ mẹ́ta yẹn jàre, yẹ́lò tó ń gbé àwòrán nínú ẹ̀ ò lè gbé HD rárá.

Tí ẹ̀gbẹ́ àwòrán bá gé díẹ̀díẹ̀, bíi pé lẹ́tà tó wà lẹ́bàá etí ò pé, overscan nìyẹn. Lórí LG ẹ wá Just Scan, ti Sony ni Full Pixel, ti Samsung ni Screen Fit tàbí Fit to Screen.

Àwọ̀ ló wá kàn. Nínú Picture Mode, Vivid àti Dynamic tí wọ́n fi ń tan ojú èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kúrò lórí ẹ̀, Movie tàbí Cinema lẹ máa mú, tẹ́ ẹ bá rí Filmmaker Mode tí UHD Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù, gbé jáde ní 2019, ìyẹn tún dáa jù. Ó lè kọ́kọ́ dà bíi pé ó pọ́n rúsúrúsú, ẹ fún ojú yín láyè, ó máa mọ́ ọn lára. Ẹ dín Sharpness kù gan-an, òun ló ń fa ilà funfun yí èèyàn ká. Tí fíìmù bá wá ń yọ̀ bọ̀rọ́ bíi pé ìròyìn lẹ ń wò, ẹ pa TruMotion (ti LG), Motionflow (ti Sony) tàbí Auto Motion Plus (ti Samsung), torí fíìmù jẹ́ àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n ló ń dá àwọn tí kò sí níbẹ̀ ṣe sí àárín. Tí àwòrán bá ṣókùnkùn jù, ẹ pa Energy Saving kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan Brightness. Tí dúdú bá sì dà bí eérú, ẹ wo HDMI Black Level, ibi tí wọ́n ti ń yan bí dúdú ṣe máa dú tó, ohun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n àti ohun tó wà lórí DVD tàbí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bára mu.

Àwòrán tó ń gé kéékèèké bíi tíìlì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tàbí fáìlì ló fà á. Netflix ní 5 Mbps (ìwọ̀n bí dátà ṣe ń yára wọlé) ni kẹ́ ẹ ní fún 1080p, ìyẹn Full HD, 15 fún 4K tó mọ́ jù ú lọ. Fáìlì wákàtí méjì tí wọ́n wá fún pọ̀ sínú 300MB, kódà kí wọ́n kọ 1080p gàdàgbà sí i lára, kò ju 0.33 Mbps lọ, ibi tó bá ṣókùnkùn nínú fíìmù náà lẹ ti máa rí i.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí àbààwọ́n tàbí ilà kan ṣì dúró síbì kan, ẹ ṣí mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ síbẹ̀. Tó bá hàn lórí mẹ́nù náà, ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an ni, ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe. Tí kò bá hàn níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà HDMI kẹ́ ẹ tó náwó kankan.