Bí A Ṣe Lè Mọ Ìdí Tí Amẹ́ríkà Fi Ń Gbè Sẹ́yìn Ísírẹ́lì

Bí ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì bá ti wáyé láàárín àwọn tó ń tẹ̀ lé ìròyìn àgbáyé, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi béèrè ohun tó mú kí Amẹ́ríkà, láti orí mẹ̀kúnnù títí dé orí ààrẹ, máa gbè sẹ́yìn orílẹ̀-èdè kékeré náà tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn méjì ló máa ń yá àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn kan á ní owó àwọn Júù ni, àwọn mìíràn á sì ní nítorí Bíbélì ni. Ìdáhùn àkọ́kọ́ burú, nítorí ó sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú tó ṣeé yẹ̀ wò di ẹ̀sùn tí a fi kan odidi ẹ̀yà, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sì ti ṣe àwọn Júù ní jàǹbá púpọ̀ káàkiri ayé. Ìdáhùn kejì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa ìdí tí ìjọba Amẹ́ríkà kan náà fi halẹ̀ mọ́ Ísírẹ́lì ní ọdún 1957. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́ ní láti wá a létòlétò, mo sì fẹ́ tọ́ka sí àwọn ibi tó yẹ kó wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe da aráàlú pọ̀ mọ́ olóṣèlú. Aráàlú lè fẹ́ràn orílẹ̀-èdè kan nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, nítorí ohun tó kọ́ nílé ìwé nípa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù tí ìjọba Hitler pa, tàbí nítorí pé ó rí i pé wọ́n ń dìbò yan ìjọba níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílùú tirẹ̀. Olóṣèlú náà lè ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó tún ní ìbò tó ń wá, olówó tó ń ràn án lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà tó ń gba àwọn èèyàn àdúgbò rẹ̀ síṣẹ́, àti ọ̀gágun tó ń gbà á nímọ̀ràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ogun Gaza ti dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ láàárín ìlú, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fi ìbò 366 sí 58 fọwọ́ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 26 dọ́là fún Ísírẹ́lì àti fún ìrànwọ́ àwọn tí ogun dé bá. Ẹni tó bá fi ìbò yẹn nìkan wo Amẹ́ríkà yóò rò pé gbogbo ìlú ló fohùn ṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá kà á pé Amẹ́ríkà ti sọ báyìí, kí ẹ béèrè pé Amẹ́ríkà wo ni: ti ààrẹ ni, ti àwọn aṣòfin ni, àbí ti àwọn èèyàn tó ń dìbò?

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí ọdún 1948, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé àtìlẹ́yìn yìí kò fìgbà kan jẹ́ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò ní Palẹsítínì, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ìjọba wọn tètè fọwọ́ sí orílẹ̀-èdè Júù. Wọ́n ń ro ti epo rọ̀bì tó wà lọ́wọ́ àwọn Árábù, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé Soviet, ìyẹn ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà tó ń bá Amẹ́ríkà figagbága, yóò rí àyè wọlé sí agbègbè náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, George Marshall, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkèèrè, tó sì jẹ́ ọ̀gágun tí gbogbo ìlú bọ̀wọ̀ fún, sọ fún Ààrẹ Harry Truman lójúkojú pé bó bá tètè fọwọ́ sí orílẹ̀-èdè Júù náà bí àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ kan ti ń fẹ́, bí òun bá máa dìbò rárá, òun kò ní dìbò fún un. Ní òdìkejì, Eddie Jacobson, ọ̀rẹ́ Truman tó jẹ́ Júù, tí àwọn méjèèjì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọkùnrin ní Kansas City nígbà kan rí, ti lọ bẹ̀ ẹ́ ní oṣù kẹta pé kó gba Chaim Weizmann, aṣíwájú àwọn Júù, lálejò. Truman gbà á lálejò. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè tuntun náà bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà kéde pé òun ti gbà á ní orílẹ̀-èdè. Ìwé tí Truman buwọ́ lù ṣì wà títí dòní. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "orílẹ̀-èdè Júù" sínú rẹ̀, wọ́n wá fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ "Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì" rọ́pò rẹ̀, nítorí nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé náà, wọn kò tíì mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é.

Ẹ wo iye nǹkan tó pàdé lórí tábìlì kan ṣoṣo: ọdún ìdìbò ni, àánú àwọn Júù tí ogun sọ di aláìnílé ń ṣe aráàlú, Truman mọ Bíbélì rẹ̀ dáadáa láti kékeré, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ti bẹ̀ ẹ́, kò sì fẹ́ kí Soviet ṣáájú òun. Bí ẹ bá ń kọ àwọn ìdí sílẹ̀, ẹ kọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá mú ẹyọ kan níbẹ̀ tó ní òun ti rí ìdí rẹ̀ kò tíì wá a rárá.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọdún náà ni ohun ìjà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ísírẹ́lì. Nígbà tí ogun ọdún 1948 ń lọ lọ́wọ́, Amẹ́ríkà fòfin de títa ohun ìjà sí agbègbè náà. Ilẹ̀ Faransé ni Ísírẹ́lì ti ń ra ọkọ̀ òfuurufú ogun rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí de Gaulle, ààrẹ Faransé, tó fòfin dè é ní ọdún 1967. Ààrẹ Kennedy ló kọ́kọ́ gbà láti ta ohun ìjà ńlá fún wọn, ìyẹn àwọn mísáìlì Hawk, ní ọdún 1962, Johnson sì gbà láti ta ọkọ̀ òfuurufú Phantom fún wọn ní ọdún 1968. Ohun tó yí padà láàárín àsìkò yẹn kì í ṣe Bíbélì, kì í sì í ṣe iye àwọn Júù tó wà ní Amẹ́ríkà. Íjíbítì àti Síríà ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ Soviet, Ísírẹ́lì sì ti ṣẹ́gun wọn láàárín ọjọ́ mẹ́fà ní ọdún 1967, àwọn ará Washington wá rí i pé orílẹ̀-èdè yìí lè wúlò fún àwọn. Nígbà tí Íjíbítì àti Síríà gbógun dìde ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, Nixon fi ọkọ̀ òfuurufú kó ohun ìjà lọ fún Ísírẹ́lì, ó sì béèrè bílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún un lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè Árábù tìtorí rẹ̀ dá epo dúró fún Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìtàn yìí láìmẹ́nu ba Soviet ti fo ojú ìwé tó ṣe pàtàkì jù.

Ìgbésẹ̀ tí mo kà sí pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ wá àwọn ìgbà tí ọ̀rẹ́ méjèèjì jà. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, ìdí mẹ́wàá lè jọ máa tì ènìyàn sí apá ibì kan náà, a kò sì ní mọ èyí tó lágbára nínú wọn. Ìgbà tí ìdí kan bá ń fa ìjọba sí ọ̀tún tí òmíràn ń fà á sí òsì ni a tó lè mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1956, Ísírẹ́lì, pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, gbógun ti Íjíbítì nítorí ọ̀nà omi Suez. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí Ààrẹ Eisenhower tún dupò, ó sì takò wọ́n bẹ́ẹ̀ náà. Ó wọlé ìdìbò náà, ó sì tẹ̀ síwájú láti fi ìyà halẹ̀ mọ́ Ísírẹ́lì títí wọ́n fi kúrò ní Sinai ní oṣù kẹta ọdún 1957. Ní ọdún 1981, Reagan fẹ́ ta ọkọ̀ òfuurufú AWACS, èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ojú òfuurufú, fún Saudi Arabia. Ìjọba Ísírẹ́lì àti AIPAC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe alágbàwí Ísírẹ́lì ní Amẹ́ríkà, ta kò ó tagbáratagbára, síbẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fi ìbò 52 sí 48 jẹ́ kó kọjá. Ní ọdún 1991, Bush bàbá kọ̀ láti tètè ṣe onídùúró fún bílíọ̀nù 10 dọ́là tí Ísírẹ́lì fẹ́ yá, nítorí àwọn ilé tí Ísírẹ́lì ń kọ́ sórí ilẹ̀ tó gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Netanyahu, tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì, dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó sì sọ̀rọ̀ lòdì sí àdéhùn tí Obama ń bá Ìráànì ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn pàtẹ́wọ́ fún un, àdéhùn náà sì kọjá síbẹ̀.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé bí ààrẹ bá gbà pé ohun kan ṣe kókó fún ààbò Amẹ́ríkà, tó sì múra tán láti gbà kí wọ́n bú òun, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló máa ń ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé nínú gbogbo ìjà wọ̀nyí, kò sí èyí tó tú ọ̀rẹ́ náà ká. A kì í jà ká kú ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn aṣòfin náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo ìfẹ́ láìná an ní nǹkan kan: ní ọdún 1995, wọ́n ṣòfin pé kí ilé aṣojú Amẹ́ríkà kó lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ààrẹ láti máa sún un síwájú ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Clinton, Bush ọmọ àti Obama ń sún un síwájú bẹ́ẹ̀, Trump náà sún un, kó tó wá kó ilé náà lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ohun tí wọ́n fẹnu sọ àti ohun tí wọ́n ṣe kò pàdé.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2016 ni kí ẹ kà. Bílíọ̀nù 38 dọ́là ni fún ọdún mẹ́wàá, láti 2019 sí 2028: bílíọ̀nù 33 fún ríra ohun ìjà, bílíọ̀nù 5 fún ohun tí wọ́n fi ń já mísáìlì lulẹ̀ lójú òfuurufú. Apá tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà ni èyí tó sọ ibi tí wọ́n ti máa ná owó náà. Wọ́n ń dín apá tí Ísírẹ́lì lè ná nílé ara rẹ̀ kù lọ́dọọdún, títí gbogbo owó ohun ìjà náà yóò fi di èyí tí wọ́n ń ná ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ òfuurufú F-35 tí Ísírẹ́lì ń rà, Fort Worth ní Texas ni wọ́n ti ń tò ó. Aṣòfin tó bá ti Texas wá kò nílò ẹni tó máa wàásù fún un kó tó mọ ohun tí ìbò rẹ̀ túmọ̀ sí fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ fẹ́ ìfarabalẹ̀ díẹ̀. Àwọn Kristẹni Amẹ́ríkà kan ti ń fẹ́ kí àwọn Júù padà sí ilẹ̀ Palẹsítínì kí ẹgbẹ́ alágbàwí kankan tó wà. Ní ọdún 1891, oníwàásù William Blackstone kó ìwé ẹ̀bẹ̀ kan lọ fún Ààrẹ Benjamin Harrison lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn olówó ńlá bíi John D. Rockefeller àti J. P. Morgan sì wà lára àwọn tó buwọ́ lù ú. Lónìí, àwọn ajíhìnrere ń tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì 12:3, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Ábúráhámù pé òun yóò súre fún ẹni tó bá súre fún un. Oníwàásù John Hagee dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀ lórí èyí ní ọdún 2006. Ìwádìí ilé-iṣẹ́ Pew ti ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé àwọn ìjọ ajíhìnrere ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Amẹ́ríkà, àwọn Júù sì ní ìdá 2. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn Júù ni kì í dìbò fún ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló sì ń gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì jù báyìí. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa rò pé ìbò àwọn Júù ló gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Ìyẹn kò sọ AIPAC di aláìlágbára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í fún olùdíje lówó tààrà, ṣùgbọ́n láti ìdìbò ọdún 2022 ló ti ń ná an. Ní ọdún 2024, Jamaal Bowman ní New York àti Cori Bush ní Missouri pàdánù ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat lẹ́yìn tí àwọn tó so mọ́ AIPAC ti ná mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù dọ́là lórí wọn. Ohun tó yẹ kí ẹ wò dáadáa ni ìpolówó tí wọ́n fi owó náà ṣe, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dárúkọ Ísírẹ́lì rárá. Ohun mìíràn ni wọ́n fi ń ṣáátá olùdíje náà, èyí tó jẹ́ ẹ̀rí pé wọn kò gbà pé ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì nìkan lè yí ọkàn àwọn olùdìbò àdúgbò náà padà. Owó náà kì í sì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́: ní ọdún 2022, wọ́n náwó láti dènà Summer Lee ní Pennsylvania, ó sì wọlé.

Ní ti ìwádìí èrò aráàlú, ẹ má ṣe dúró lórí àròpọ̀. Ìwádìí ilé-iṣẹ́ Gallup ti oṣù kejì ọdún 2025 ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ń kẹ́dùn pẹ̀lú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jù, ìdá 33 sì ń kẹ́dùn pẹ̀lú àwọn ará Palẹsítínì. Bí ẹ bá tú u palẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn tó ń kẹ́dùn pẹ̀lú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jù jẹ́ ìdá 75 láàárín àwọn Republican, ìdá 21 péré láàárín àwọn Democrat. Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà ayé Truman. Ẹ tún yẹ ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè wò, nítorí ẹni tó fẹ́ràn àwọn èèyàn ibẹ̀ lè kórìíra ìjọba wọn, ẹni tó sì kórìíra ìjọba náà lè ṣì fẹ́ kí wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń já mísáìlì lulẹ̀.

Àdéhùn ọdún 2016 yóò parí ní ọdún 2028. Nígbà tí wọ́n bá gbé èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ dé iwájú àwọn aṣòfin, ẹ kọ orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò wọn, ẹni tó ń fún wọn lówó, ìjọ tó pọ̀ níbẹ̀ àti ọjọ́ orí àwọn tó ń dìbò fún wọn, kí ẹ tó ka ìdí tí àwọn fúnra wọn sọ. Ẹ fi sọ́kàn pé ní oṣù keje ọdún 2025, aṣòfin àgbà 27 ló dìbò pé kí wọ́n dá títa irú ìbọn kan fún Ísírẹ́lì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ti irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú kò tó ogún.