Bí díráìfù mi ṣe padà tàn lórí láptọ́ọ̀pù olójú USB méjì
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá díráìfù (àpótí ìpamọ́ fáìlì tí à ń ki bọ ojú USB) tí mo gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí yìí fà á ní Tanke, Ìlọrin níbí o. Ojú USB méjì péré ni láptọ́ọ̀pù mi ní, mo wá to máósì, kíbọ́ọ̀dù àti díráìfù sórí họ́ọ̀bù (ohun tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) kan náà, tí n bá ti tàn án, díráìfù á máa dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, iná rẹ̀ á ṣẹ́jú, á kú. Àyà mi já, torí fọ́tò ìyá àgbà wà níbẹ̀. Àṣé iná ni ò tó! Ojú USB 2.0 tí họ́ọ̀bù wà, 500 mA (mílíáḿpíà, ìwọ̀n iná) ló ń fúnni, gbogbo wọn ló sì ń pín in. Mo ki díráìfù tààrà bọ ojú USB 3.0 tó ń fún un ní 900 mA, mo fi ìyókù sílẹ̀ lára họ́ọ̀bù, mo tẹ F12 láti yan ibi tí láptọ́ọ̀pù á ti tàn, mo mú díráìfù náà, ló bá wọlé wẹ́rẹ́. Àlùhámúdù lílà!