Bí A Ṣe Lè Rí Owó Ìrànwọ́ fún Ohun Àjogúnbá Wa ní Abẹ́òkúta

Kò sí àjọ tí ó ń ya owó sọ́tọ̀ fún "àṣà" lásán. Olúkúlùkù àwọn tí ń fúnni ní owó ìrànwọ́ tí a kì í san padà ni ó ní ohun tí ó fẹ́ kí a fi owó òun ṣe: òmíràn kò kọjá ìwé àtijọ́, òmíràn kò kọjá igbó àti odò, òmíràn sì wà fún iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti ń darúgbó. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kan tó kọ lẹ́tà kankan, kí ó kọ́kọ́ dárúkọ ohun náà gan-an tí ó fẹ́ dáàbò bò. Bí a bá kọ̀wé pé a fẹ́ gbé àṣà Ẹ̀gbá lárugẹ, a kò tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè sanwó fún. Ṣùgbọ́n bí a bá ní a fẹ́ ya àwòrán ìwé ìrìbọmi ìjọ kan tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹni tí ń kà á ti mọ ohun tí òun ń fi owó rẹ̀ ṣe.

Àwọn ìwé ni mo kà sí ohun tí ó ń fẹ́ ìrànwọ́ kíákíá jù lọ nílùú wa. Ìlú tí a ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá àkọ́kọ́, jáde ní 1859 kò yẹ kí ó jẹ́ kí ìwé àwọn baba rẹ̀ jẹrà nínú àpótí ilé ìdílé tàbí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Fún irú èyí, Endangered Archives Programme ti British Library, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú owó láti ọ̀dọ̀ àjọ aláàánú Arcadia, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ojúlówó ìwé kì í kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni a ń yà, ẹ̀dà kan yóò wà nílé, òmíràn yóò sì wà ní London. Ẹ sọ èyí yé àwọn àgbà dáadáa kí ẹ tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tí ó bá rò pé a fẹ́ kó ìwé òun lọ kò ní ṣí àpótí. Ẹ béèrè owó ìwádìí ìbẹ̀rẹ̀ ná, kí ẹ tó béèrè ti iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀rọ̀ àdìrẹ Ìtòkú ní ọ̀nà méjì, a kò sì gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Bí a bá fẹ́ ṣe àkọsílẹ̀ ìmọ̀ àwọn ìyá aláró tí wọ́n ṣì mọ bí a ti ń gún elú, bí a ti ń sẹ́ omi eérú àti bí a ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sára aṣọ, kí aró òyìnbó tó gba iṣẹ́ náà tán, Endangered Material Knowledge Programme ti British Museum ni kí a lọ bá. Fídíò, fọ́tò àti ohùn ni wọ́n ń fẹ́, ó sì dára kí ẹgbẹ́ náà bá onímọ̀ kan ní yunifásítì ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ kíkọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ àti wíwá ọjà fún un ni, International Fund for Cultural Diversity ti UNESCO ni, èyí tí ó lè fúnni ní owó tí ó tó dọ́là 100,000. Àjọ tí ó ń ṣojú UNESCO ní Nàìjíríà ni yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò kí ó tó dé ọ́fíìsì UNESCO ní Paris. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn.

Fún igbó, odò àti igi tí ó ń parẹ́, ẹgbẹ́ àdúgbò lè rí owó lọ́dọ̀ GEF Small Grants Programme, ètò owó ìrànwọ́ kékeré fún àyíká tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, ti ń bójú tó láti 1992. Wọn yóò béèrè ohun tí ẹ̀yin náà mú wá, àmọ́ ilẹ̀ tí ẹ yọ̀ǹda àti iṣẹ́ ọwọ́ yín wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ́ onímọ̀ tí ó dá wà lè tọ Rufford Foundation lọ.

Ilé àtijọ́ ni ó le jù. World Heritage Fund, àpò owó UNESCO fún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ìjọba orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè kọ̀wé sí i. Sukur àti Ọ̀ṣun-Òṣogbo nìkan ni Nàìjíríà sì ní nínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ẹ tọ àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lọ ní tiyín.

Ìwé àṣẹ ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (àjọ ìjọba tí ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) àti SCUML (ẹ̀ka ìjọba tí ń gbógun ti kíkó owó àìmọ́ pa mọ́), kí ẹ sì ṣí àkáǹtì tí ènìyàn méjì ń fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ohun náà ní tòótọ́. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú ọba kan ṣoṣo: ohun tí ó wà ní Òwu jẹ́ ti Olówu láti fọwọ́ sí, ti Òkè-Ọnà jẹ́ ti Ọ̀ṣilẹ̀, ti Gbágùúrá jẹ́ ti Àgùrá. Lẹ́tà Aláké, bí ó ti wù kí ó níyì tó, kò lè dípò èyíkéyìí nínú wọn, ẹgbẹ́ tí ó bá sì fo ọba kan yóò rí i pé àwọn ará àdúgbò kò ní fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bí ibi náà bá jẹ́ èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ohun ìrántí, ẹ ó gba àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, pẹ̀lú.

Nínú ètò ìnáwó, ẹ kọ iye owó náà sílẹ̀ ní owó ẹni tí ń fúnni, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ẹ sanwó fún àwọn ìyá aláró fún àkókò wọn. Ìmọ̀ wọn ni a ń tà, kò sì yẹ kí wọ́n gba kìkì ìkíni. Bí àjọ kan kò bá gba ìwé yín, ẹ béèrè àlàyé àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún un ṣe, ẹ tún fi ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí ẹ tó rí owó ìrànwọ́ gbà, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Àwọn àjọ tí mo dárúkọ wọ̀nyí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tọrọ.